Ìlà irin tó sún sókè: ọ̀rọ̀ gain dítẹ́tọ̀ X-ray kan tó gbà wá lákòókò ní Àjàṣẹ́

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ gain yìí, ìyẹn òṣùwọ̀n tí dítẹ́tọ̀ fi ń sọ ohun tó bọ́ sínú rẹ̀ di agbára, sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ torí mo mọ̀ pé àwọn míì ṣì máa ko irú ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo dátà sátẹ́láìtì tí wọ́n gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò wa kan, ọmọ Kétu, tó ń ṣe master nínú físíìsì tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ń ṣe mémoire (ìwé àṣekágbá) lórí ìdìpọ̀ gálásì kan. Nínú dátà XMM-Newton, sátẹ́láìtì kan tó ń wo X-ray ojú ọ̀run, ó wọn ìlà irin (ibi tí X-ray tó ń ti ara irin wá ti ga lórí gíráàfù agbára) tó wà nínú gáàsì gbígbóná tó kún àárín àwọn gálásì yẹn, ìlà náà sì wá sókè ju ibi tó yẹ kó wà lọ, bíi 20 eV (eV la fi ń wọn agbára X-ray, 1,000 rẹ̀ ni keV kan). Orúkọ ìdìpọ̀ gálásì náà mi ò ní dá a, mémoire ọmọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó máa kà á.

20 eV, ẹni tí ò mọ̀ á ní kí ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nínú gáàsì tó gbóná báyẹn irin ti pàdánù gbogbo ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù rẹ̀ ó ku méjì péré, àwọn ìlà rẹ̀ tó lágbára jù sì kóra jọ sítòsí 6.7 keV. Ìdìpọ̀ gálásì yìí ń jìnnà sí wa bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀, nítorí náà ìlà yẹn yẹ kó já wálẹ̀ sí bíi 6.57 keV. Ti àbúrò wa wá ní 6.59. Tẹ́ ẹ bá pín 20 sí 6570 tẹ́ ẹ wá fi iyára ìmọ́lẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí bíi 900 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé gáàsì àárín ìdìpọ̀ náà ń sáré bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, tó sì ń fi àwọn gálásì tó yí i ká sílẹ̀. Gáàsì tó bá ń sáré báyẹn, á jẹ́ pé ìdìpọ̀ méjì ló ń kọlu ara wọn, tí ìkan sì dojú kọ wá gan-an. Ọ̀rọ̀ tó tó kọ ìwé lé lórí ni.

Inú ẹ̀ dùn, kò sì sí ẹni tínú ẹ̀ ò ní dùn. Ó gun zem (ọ̀kadà) wá bá mi nírọ̀lẹ́, kò tíì jókòó tó ti ṣí kọ̀ǹpútà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí ìlà yìí wà." Mo wò ó. Ìlà náà mọ́ dáadáa, ó ga, ó dúró ṣinṣin, fit rẹ̀, ìyẹn ìrísí tí kọ̀ǹpútà gbé lé e láti wá àárín rẹ̀, dára. Ó tún ti ṣírò àṣìṣe rẹ̀, ó ní àṣìṣe ò ju 4 tàbí 5 eV lọ. Àwọn kan máa sọ pé báwo lèèyàn ṣe lè rí 20 eV nínú dítẹ́tọ̀ tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ tó 150 eV, àmọ́ ó ṣeé ṣe o. Bí ìlà ṣe fẹ̀ tó lọ́tọ̀, ibi tí àárín rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní fótọ́ọ̀nù (hóró X-ray) 400 nínú ìlà kan, ẹ lè mọ àárín rẹ̀ dé bíi 3 eV, kódà kó fẹ̀ bó ṣe fẹ̀. Nítorí náà ìṣirò ẹ̀ ò ní àléébù. Ohun tó kù tá a máa bi ara wa ni pé 6.59 yẹn, ta ló sọ pé 6.59 ni?

Mo ní kó fa gíráàfù náà gùn dé 10 keV. Ó ti gé e sí 7.5, torí ohun tó ń wá ò kọjá ibẹ̀. Ó fà á gùn, a ò rí nǹkan gidi kan lẹ́yìn 7.5, ó kàn rú gúlegùle bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé ó ti yọ background, ìyẹn X-ray tí kì í ṣe ti ohun tá à ń wò, kúrò ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí wọ́n kọ́ àwọn nìyẹn. Òótọ́ sì ni, ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Mo ní kó mú un padà, kó má yọ nǹkan kan, kó sì gba gbogbo ojú dítẹ́tọ̀ dípò àárín nìkan. Ó tún spectrum (gíráàfù agbára) náà ṣe, ló bá jáde: ìlà gíga kan tó dá dúró bí òpó lápá ọ̀tún, ní ìtòsí 8 keV, tó ga ju ohun gbogbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ.

Bàbà nìyẹn. Kì í ṣe bàbà ojú ọ̀run o, bàbà tó wà nínú pátákó ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ́níìkì tó wà lẹ́yìn dítẹ́tọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni. Àwọn èérún oníyára tó ń ti òfúrufú jínjìn wá máa ń gbá sátẹ́láìtì tó gbé dítẹ́tọ̀ náà tọ̀sán tòru, bí wọ́n ṣe ń gbá a ni bàbà inú ẹ̀ ń tan X-ray tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni níkẹ́ẹ̀lì, síǹkì àti alumíníọ̀mù. Agbára X-ray bàbà ò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, 8.04 keV ni, bó ṣe rí ní lábù ló rí lókè. Bàbà yìí ò sáré lọ síbì kankan, sátẹ́láìtì ló gbé e dání. Nítorí náà ibi yòówù kó hàn sí lórí gíráàfù, tí kì í bá ṣe 8.04, òṣùwọ̀n ló ṣe é.

A fit ẹ̀. 8.065.

Ọmọ náà dákẹ́. Èmi náà ò sọ nǹkan kan, torí kò tíì yé wa tán nígbà yẹn, nítorí pé nǹkan méjì ló lè fà á. Ẹ wo ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Ouando, òṣùwọ̀n rẹ̀ lè máa tọ́ka sí 100 gíráàmù nígbà tí nǹkan kan ò sí lórí ẹ̀, gbogbo ẹja tẹ́ ẹ bá rà á wúwo sí i pẹ̀lú 100 gíráàmù, kékeré tàbí ńlá. Àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé orí òdo lọwọ́ rẹ̀ wà nígbà tí nǹkan kan ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí spring inú ẹ̀ ti rẹ̀, ẹja kékeré á wúwo sí i díẹ̀, ẹja ńlá á wúwo sí i púpọ̀. Ti ìkejì yìí ni gain. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èwo ni, ẹ gbọ́dọ̀ gbé nǹkan méjì tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n wọn sórí ẹ̀, ìkan kékeré, ìkan ńlá.

Ńlá wa ni bàbà. Kékeré wa ni alumíníọ̀mù, 1.49 keV. Tó bá jẹ́ pé òdo ló sún, alumíníọ̀mù náà máa sún pẹ̀lú 20 tàbí 25 eV bíi ti bàbà, èèyàn á rí i kedere torí ìlà ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti òkè lọ. Tó bá jẹ́ gain ni, ìpín kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa fi pọ̀ sí i: 25 nínú 8040 jẹ́ bíi 3 nínú ẹgbẹ̀rún, nítorí náà alumíníọ̀mù ò ní sún ju 4 tàbí 5 eV lọ. A fit alumíníọ̀mù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún. Mo wá ní kó gbé 3 nínú ẹgbẹ̀rún yẹn lé orí ìlà irin tiẹ̀, ó ṣe é lórí bébà: 20 eV. Gbogbo 900 kìlómítà yẹn pátá, nínú dítẹ́tọ̀ ló ti wá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí nǹkan yìí ṣe kéré tó nínú ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ ló máa ń wú mi lórí jù. Dítẹ́tọ̀ yìí, EPIC-pn ni wọ́n ń pè é, ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, lọ́dọ̀ àwọn ilé ìwádìí Max Planck ní Garching, XMM-Newton ló gbé e lọ sókè láti Kourou ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1999. CCD 12, ìyẹn àwọn abala tó ń gba X-ray, ló wà lórí sílíkọ́nì ẹyọ kan ṣoṣo. Tí X-ray kan bá bọ́ sínú sílíkọ́nì yẹn, á tú ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù sílẹ̀, ọ̀kan fún bíi 3.65 eV. Ìlà irin tá à ń sọ yìí ń tú bíi 1,800 ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù. 20 eV jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú wọn! Márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú 1,800 ló fẹ́ sọ ìdìpọ̀ gálásì kan di ibi ìkọlù.

Àwọn ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù yẹn ò sì jókòó síbi tí wọ́n ti jáde. Ìlà piksẹ́lì 200 ló wà nínú CCD kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni wọ́n ń tì wọ́n láti ìlà kan bọ́ sí ìkejì títí wọ́n á fi dé etí ibi tí wọ́n ti ń kà wọ́n. Lójú ọ̀nà àwọn ọ̀fìn kéékèèké wà nínú sílíkọ́nì, àwọn èérún láti òfúrufú ló ń gbẹ́ ọ̀fìn yẹn lọ́dọọdún, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀ á sì já sí i. Nítorí náà X-ray tó bá bọ́ sọ́nà jíjìn á dé pẹ̀lú ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó dín, agbára rẹ̀ á dà bíi pé ó kéré, bí sátẹ́láìtì bá sì ṣe ń dàgbà ni àdánù yẹn ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń tọ́jú dítẹ́tọ̀ náà mọ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì kálíbíréṣọ̀n, SAS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún dátà XMM-Newton ṣe, á wá dá ohun tó sọ nù padà fún X-ray kọ̀ọ̀kan ní ìbámu pẹ̀lú ibi tó bọ́ sí àti ọdún tó bọ́.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ tiwa wá nìyẹn. Fáìlì tí àbúrò wa ń lò kì í ṣe èyí tó ṣe fúnra rẹ̀. Kónẹ́sọ̀n wa níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, dátà tútù kan (èyí tí wọn ò tíì ṣe nǹkan kan sí) lè máa wọlé láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, kó wá já nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Lórí dísìkì ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe mémoire ṣáájú ló ti gbà á, fáìlì tí wọ́n ti ṣe tán, tó kàn ku kéèyàn yọ spectrum. Mo ní kó ṣí header fáìlì náà, kó ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọdún kan náà tí wọ́n ya ìdìpọ̀ gálásì yẹn ni. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n ń dá ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó sọ nù padà, kò tíì sẹ́ni tó wọn bí ọ̀fìn ṣe pọ̀ tó lọ́dún yẹn, ṣe ni wọ́n fa ìlà ti ọdún àtẹ̀yìnwá gùn síwájú. Tí ọ̀fìn ò bá wá pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò, ohun tí wọ́n dá padà á ju ohun tó sọ nù lọ, gbogbo agbára á lọ sókè. Ohun míì tún wà tó ń bá a rìn: nígbà tí èérún òfúrufú bá pọ̀, àwọn fúnra wọn á ti ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù dí àwọn ọ̀fìn náà, X-ray tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kọjá láì pàdánù tó bó ṣe yẹ, òun náà á tún gbé agbára sókè. Àkókò tí oòrùn bá dákẹ́ ni èérún yẹn máa ń pọ̀ jù, ìgbà tí wọ́n ya tiwa sì bọ́ sí irú àkókò bẹ́ẹ̀. SAS tuntun ti ní àtúnṣe fún méjèèjì, fáìlì àtijọ́ ò ní in.

Ẹnì kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé kó lo gain fit inú XSPEC, ètò tá a fi ń fit spectrum, kó jẹ́ kí ètò náà sún gbogbo agbára títí ìlà irin á fi bọ́ síbi tó yẹ. Mo ní rárá, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí. Tẹ́ ẹ bá fi ìlà tẹ́ ẹ fẹ́ wọn tún òṣùwọ̀n ṣe, ẹ ti mọ èsì kẹ́ ẹ tó wọn nǹkan kan. Tí gáàsì náà bá ń sáré lóòótọ́ ńkọ́, ẹ ti pa á rẹ́ nìyẹn. Orí ìlà tó jẹ́ ti dítẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni kéèyàn ti wá gain: bàbà, níkẹ́ẹ̀lì, alumíníọ̀mù, tàbí irin-55.

Irin-55 yìí tó nǹkan à ń sọ. Òun ni wọ́n gbé sínú ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì X-ray láti máa fi wọn dítẹ́tọ̀. Ó máa ń di màǹgánísì, á sì tan X-ray 5.9 keV, ibi tó sún mọ́ ìlà irin gan-an, kò sí ohun tó dára tó o. Àmọ́ ní gbogbo bíi ọdún 2.7, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. XMM-Newton ti lé ní ọdún 25 lókè, tẹ́ ẹ bá ń pín in sí méjì méjì, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú 500 èyí tí wọ́n gbé lọ. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ó tàn dáadáa lórí gbogbo CCD 12, lónìí èèyàn máa dúró pẹ́ kó tó rí nǹkan gidi. Bàbà ní tiẹ̀ kì í rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí èérún òfúrufú bá ń gbá a. Nítorí ẹ̀ ni iṣẹ́ Sanders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó jáde ní 2020 fi ṣe pàtàkì lójú mi: ìlà bàbà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí ni wọ́n fi tún agbára pn ṣe lójú ìdìpọ̀ Perseus àti Coma, tí wọ́n fi mọ iyára gáàsì dé bíi 150 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, nínú dítẹ́tọ̀ tí kò sẹ́ni tó ṣe é fún irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ má sì rò pé dítẹ́tọ̀ tuntun ti bọ́ nínú ẹ̀. Sátẹ́láìtì Hitomi tó gòkè ní oṣù Kejì ọdún 2016, tí wọ́n sì pàdánù ní oṣù Kẹta, ní piksẹ́lì 36 tí wọ́n mú tutù dé 50 mílíkẹ́lífíìnì, ó rí i pé gáàsì inú Perseus ń rú ní bíi 164 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Wọ́n ní láti ṣe wàhálà kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ náà ò tíì tutù dọ́gba tán nígbà tí wọ́n ń wo Perseus, gain rẹ̀ ń rìn. XRISM tó tẹ̀lé e ní 2023 náà, wọ́n máa ń yí irin-55 wá síwájú dítẹ́tọ̀ Resolve láàárín iṣẹ́ láti mọ ibi tí gain piksẹ́lì kọ̀ọ̀kan dé.

Ó dáa, a padà sí tiwa. Àbúrò wa lọ wá dátà tútù, èyí tí wọ́n ń pè ní ODF, ó fi sílẹ̀ kó máa wọlé lóru nígbà tí kónẹ́sọ̀n fúyẹ́, ó gba àwọn fáìlì kálíbíréṣọ̀n tuntun, ó tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbà padà sí 8.04, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 3 eV lọ. Ìlà irin já wálẹ̀, ó ku bíi 3 eV lókè ibi tó yẹ, pẹ̀lú àṣìṣe 5. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di iyára, bíi 140 kìlómítà, àṣìṣe 230. Òdo wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Nígbà yẹn ni ìṣòro kan yọjú tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí, torí ó lè mú ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbà ò sí káàkiri ojú dítẹ́tọ̀ náà bákan náà. Bí wọ́n ṣe to pátákó ẹ̀yìn ẹ̀, àárín gbùngbùn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní bàbà rárá, tẹ́ ẹ bá ya àwòrán ìlà 8.04 nìkan, ihò ńlá kan á wà láàárín ẹ̀. Àárín yẹn náà sì ni gbogbo èèyàn ń gbé ohun tí wọ́n ń wò sí, títí kan ìdìpọ̀ gálásì tiwa. Ìyẹn ni pé ẹlẹ́rìí wa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, a wá ń fi ẹ̀rí ẹ̀ dájọ́ àárín. Fún ohun tó ń yí padà pẹ̀lú ọdún, ìyẹn ò burú, àmọ́ ìyàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì lórí CCD kan náà, bàbà ò lè sọ ọ́ fún wa níbẹ̀. Ohun tá a ṣe ni pé a gba dátà irin-55 ti àwọn ọdún àkọ́kọ́, nígbà tó ṣì ń tàn, a fi wo bí àárín CCD tiwa ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lórí ìlà màǹgánísì, a wá fi ìyàtọ̀ yẹn kún àṣìṣe. Àṣìṣe náà fẹ̀ sí i, kò sì sí bí kò ṣe ní fẹ̀.

Ó dun ọmọ náà, mi ò ní purọ́. Ó ti sọ fún màmá rẹ̀ ní Kétu pé òun rí nǹkan. Mo ní kó pe màmá padà kó sọ pé òun rí nǹkan míì, torí lóòótọ́ ló rí i: orí kẹta mémoire rẹ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ gain láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú gíráàfù bàbà ti àtijọ́ àti ti tuntun tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àti tábìlì tó ń sọ ibi tí alumíníọ̀mù, níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà wà kó tó tún un ṣe àti lẹ́yìn tó tún un ṣe. Directeur rẹ̀ ní kó má yọ ọ̀kankan nínú ẹ̀.

Ó ti rí àkíyèsí míì nínú àkójọ dátà wọn, ti ìdìpọ̀ gálásì kan náà, tí wọn ò gbé àárín rẹ̀ sí àárín dítẹ́tọ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí bàbà ti pọ̀ dáadáa. Ìyẹn ló ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lóru báyìí.